Bọ́ọ̀sì Tí Kò Gbọdọ̀ Padà Sẹ́yìn

Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá ń sáré lọ síbì kan, dúró ná. Ọ̀rọ̀ ẹni tó sáré jù ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ní Lubny, ní ilẹ̀ Ukraine, kò sí ẹni tí kò mọ Yarema Dutchak. Atamátàsé ni nígbà èwe rẹ̀. Bó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé á kọ́kọ́ bojú kó tó nawọ́. Orúnkún ló já a kulẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀, ọwọ́ gba iṣẹ́: ife ọtí ló ń gbé. Lọ́jọ́ kan, Màmá Paraska, ìyá rẹ̀, da ọtí inú ìgò rẹ̀ nù. Yarema ti ìyá tó bí i sínú yìnyín, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́fà kọjá, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Ó fi ọtí sílẹ̀ ṣá. Má tíì pàtẹ́wọ́! Ó bọ́ lọ́wọ́ ọtí, ó kó sọ́wọ́ èèwọ̀.

Wọ́n fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ló ń wọ̀ lọ sí pápá, kò sì gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ bí wọ́n bá ṣì ń borí. Wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ajá á ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ kí èèyàn tó rí i.

Ní ti ìpadàsẹ́yìn, gbogbo wa ní ilẹ̀ Ukraine la mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá gbàgbé fìlà tó padà wọlé, kó wo dígí kó tó tún jáde, kí ibi má baà tẹ̀lé e. Ti Yarema ló kọjá àlà. Bọ́ọ̀sì tó bá ti gbéra lọ síbi bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn, ì báà ṣe ìṣísẹ̀ kan. Nígbà kan tí awakọ̀ ṣèèṣì kọjá ẹnu ọ̀nà pápá, Yarema ní kí wọ́n yí gbogbo ìlú po. Ọmọ mẹ́ta bì.

Awakọ̀ náà, Bàbá Panas, jẹ́ ọmọ Ọlọ́run. Àwọn ọmọ ń pè é ní Pásítọ̀ Sítíárí. Bó bá ti la ẹnu, Yarema á ní, "Bàbá, ẹ wàásù fún ẹ́ńjìnnì, ẹ fi tèmi sílẹ̀."

Lọ́jọ́ àṣekágbá, bọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá oríta abúlé Màmá Paraska ni fóònù dún. Orysia ni, àbúrò Yarema obìnrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ń lọ o! Wọ́n ní àwọn ti dárí jì yín, ṣùgbọ́n ẹnu ara àwọn làwọn fẹ́ fi sọ ọ́. Ẹ máa bọ̀!"

"Ní kí wọ́n dúró dè mí. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé rẹfirí ni ikú, tí yóò fi àsìkò kún un?"

Bàbá Panas ti gbọ́. Ó tẹ bíréèkì. "Kóòṣì, oríta nìyẹn lẹ́yìn wa. Rífáàsì ìṣẹ́jú kan ni."

"Rífáàsì kẹ̀? Ẹ kúkú gba ife-ẹ̀yẹ náà kẹ́ ẹ gbé e fún àwọn tá a fẹ́ bá gbá nílé wọn! Iwájú!"

"Ìyá yín ni o."

"Mo ní iwájú!"

Bàbá Panas gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, bọ́ọ̀sì ń lọ. Àwọn ọmọ tó ń pa èso sunfláwà jẹ lẹ́yìn gan-an dáwọ́ dúró.

O rò pé wọ́n fìdí rẹmi? Rárá o! Mẹ́ta sí òdo ni wọ́n fi borí. Èèwọ̀ ṣiṣẹ́! Yarema jó, ẹ̀wù ń rùn, ife-ẹ̀yẹ ń dán. Ìrọ̀lẹ́ ló wọ ilé Màmá lábúlé, ife-ẹ̀yẹ lábíyá. Ẹni tó bá padà a máa wo dígí. Bó ti ń ṣe láti kékeré, ó yíjú sí dígí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Aṣọ funfun ló bá lórí rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í bo dígí láìsí òkú nínú ilé.

"Wọ́n béèrè pé aago mélòó ló lù," ni Orysia wí. "Mo ní mẹ́ta. Wọ́n ní, 'Ó ṣì wà ní pápá. Ẹ má dà á láàmú.' Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Yarema lọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì òfìfo. Ọbẹ̀ pupa tí wọ́n gbé fún un tutù, ọ̀rá rẹ̀ dì. Bàbá Panas wọlé tì í.

"Ta ni yóò dárí jì mí báyìí, Bàbá Panas? Ẹnu tó fẹ́ sọ ọ́ ti pa dé."

"Kóòṣì, mi ò ní purọ́ fún yín. Ilẹ̀kùn Màmá ti tì, mi ò lè ṣí i. Ṣùgbọ́n Màmá nìkan kọ́ lẹ kọjá lóríta. Jésù wà níbẹ̀. Ó kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an, ó sì jí dìde. Ẹnu tirẹ̀ ò pa dé."

"Ibo ni màá ti rí i?"

"Níbi tẹ́ ẹ ti kọjá lára rẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì yìí gan-an."

Yarema kúnlẹ̀ sáàárín àga. Kò sí orin, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tó tàn. "Olúwa, mo padà," ni gbogbo ohun tí ẹkún jẹ́ kó rí sọ.

O rò pé ayé wá dùn? Ó fọ ẹ̀wù náà. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn nígbà tó bá yẹ. Nínú ìdíje tó tẹ̀lé e, góòlù márùn-ún ló wọ àwọ̀n wọn, wọ́n sì lé Yarema níṣẹ́! Títí dòní, bí aago mẹ́ta bá lù, kì í lè sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ti dárí jì í. Ohùn ìyá rẹ̀ ni kò rí gbà padà.

Ìwọ tí o mú ìwé yìí lọ́wọ́, "lẹ́yìn bọ́ọ̀lù" ni ìwọ náà ń wí. Lẹ́yìn ọjà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó. Nígbà tí mo bá dàgbà. O lè borí ní mẹ́ta sí òdo, kí o sì délé bá aṣọ lórí dígí. Jésù tí o kọjá lóríta ṣì ń pè ọ́. Aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ rẹ báyìí? Tẹ bíréèkì. Sọ fún un pé, "Olúwa, mo padà," kí bọ́ọ̀sì rẹ tó fi ìṣísẹ̀ kan kún un.