Òdo Inú Fáìlì Asiata

Ìbínú ló gbé Asiata lọ sídìí tábìlì Adékọ̀yà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, lọ́dún 2017. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń túmọ̀ ìlànà ìlò oògùn ọmọdé sí Yorùbá fún ilé iṣẹ́ kan ní àdúgbò Eliozu. Adékọ̀yà ni ọ̀gá àwọn tó ń kọ kóòdù níbẹ̀.

"Ọ̀gá, abeg, ẹ wá wo nǹkan. Ẹ ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi fáìlì wéra yìí máa ń fi gbogbo ohun téèyàn bá yí padà hàn. Pé fáìlì àtijọ́ àti tuntun yàtọ̀ síra nìkan ló ń sọ fún mi. Ó ti sú mi!"

Ojú Asiata ti wọnú. Opó ni, láti Borokiri tó jìnnà ló sì ń wọ mọ́tò wá lójoojúmọ́. Adékọ̀yà fa àga fún un.

"Ẹ jókòó, màdáámù. Bí àwòrán ló ṣe ń wo iṣẹ́ yín, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. N ò tíì mọ ohun tó fà á."

Ni wọ́n bá ń fojú ara wọn kà á ní ìlà-ìlà, ti àtijọ́ àti tuntun. Lọ́jọ́ kẹrin, Asiata nàka sí ìlà kan. Ṣíbí oògùn kan ló wà nínú ti àtijọ́. Nínú tuntun, ṣíbí mẹ́ta.

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀," Asiata bú sẹ́kún. "Mi ò bá pa ọmọ ọlọ́mọ!"

"A ti rí i. Àárẹ̀ ló mú yín. Ẹ má sunkún mọ́."

Adékọ̀yà jáde, ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja wá, ó sì jókòó tì í títí tó fi jẹun tán.

Lọ́jọ́ kejì, ó rí ìdí ọ̀rọ̀. "Ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì ni ètò yẹn máa ń yẹ̀ wò. Tó bá ti bá òdo tójú ò lè rí pàdé níbẹ̀, á ní kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín ṣe ń tọ́jú iṣẹ́, ó ń fi òdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ lẹ́tà."

Ó tún un ṣe. Kò pẹ́ tí àyípadà fi ń hàn kedere. Síbẹ̀, ó tún fa àga sílẹ̀.

"Kí la tún fẹ́ kà?" Asiata béèrè.

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó síbí ni."

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra wọn, àmọ́ Alhaji Nọ́fíù, bàbá Asiata, ò gbà. "Onígbàgbọ́? Láéláé!" Ìyá Adékọ̀yà náà ní òun ò fẹ́ opó, áńbọ̀sì Mùsùlùmí. Gbogbo Iléyá ni Adékọ̀yà ń lọ kí Alhaji. Bàbá á dáhùn ìkíni rẹ̀, á sì wọlé lọ.

Ọdún mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀.

"Ẹ wá ẹlòmíì fẹ́," Asiata sọ fún un. "Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà, olólùfẹ́ mi. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ?"

Ní Iléyá kẹrin, Alhaji ò wọlé. "Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò ní lọ?"

"Rárá, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí láti máa kọ̀. Ẹ lọ fẹ́ra yín. Má ṣáà ní kó má kírun."

Ìyá ọkọ ò wá síbi ìgbéyàwó náà ní kọ́ọ̀tù. Alhaji wá, ó fọwọ́ síwèé, ó sì gbàdúrà fún wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, Asiata fara ti ògiri.

"Ṣé inú ẹ dùn, ìyàwó mi?"

"Ó dùn gan-an. Ẹsẹ̀ ló ń ro mí."

Adékọ̀yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ Asiata, ó kó bàtà náà dání, wọ́n sì jọ rọra ń rìn lọ síbi tí wọ́n ti máa rí takisí.