Yàrá Tí Wọ́n Fi Ń Han Àwọn Òbí

Corinne Beaulieu ni wọ́n ṣẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2018 ni, nílùú Duluth ní Amẹ́ríkà, nígbà tí omi adágún ibẹ̀ ti di yìnyín títí dé etí rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó sùn nínú yàrá rẹ̀ ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Larch, kò sì jí mọ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Onílé fi òdòdó ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó kun yàrá náà ní ọ̀dà funfun, ó gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, ó sì sọ ọ́ di yàrá tí wọ́n fi ń han àwọn òbí tó bá wá wo ilé.

Lorna Hautala kò mọ nǹkan kan nípa èyí nígbà tí òun àti Tove, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ ibẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin. Ohun tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé kò sí fèrèsé kan tó ṣí, inú ilé náà sì gbóná bí ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì.

Ilé kẹta tí wọ́n wò lọ́jọ́ náà nìyẹn. Èyí àkọ́kọ́ wà lórí òkè fíofío. Tove ní ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Èkejì ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tútù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá àti ọmọ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan tí Tove máa gbé tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́.

"Mọ́mì, ibí yìí ni," Tove wí. "Ẹ má kan ògiri mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ń dójú tì mí."

"Ṣé ògiri fẹjọ́ sùn ẹ ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, alámòójútó ilé náà, rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìyá ló ń kàn án, mà." Ó mú Tove lọ wo ilé ìdáná. Lorna jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti mọ bó ṣe rí.

"Ó le díẹ̀, mà, àmọ́ ó máa ń mọ́ni lára," ẹnì kan wí.

Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lorna kò gbọ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà pọ́n, ètè rẹ̀ pọ́n, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé láti inú òtútù. Lorna rò pé ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa ń ní kó bá òbí sọ̀rọ̀ ni.

"Ìwọ lo ń gbé níbí?"

"Èmi ni, mà."

"Sọ òótọ́ fún mi, má jẹ́ kí Pruitt gbọ́. Ṣé ibí dáa?"

"Ó móoru. Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ mi. Mo rò pé ìwé ni mo kà jù."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo dùbúlẹ̀."

Ojú Lorna ti ń wúwo. Kò mọ ìgbà tí òun fi orí lé ìrọ̀rí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ lé e lórí; kò sí èémí kankan tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ẹ dìde, mà," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi náà, mo kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni."

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Corinne. Orí ti ń fọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lókè yàrá yìí náà."

Ilẹ̀kùn ṣí. Tove ló wọlé, Pruitt tẹ̀ lé e. Tove ń fi ọwọ́ pa iwájú orí.

"Orí ń fọ́ mi, Mọ́mì. Ebi ni, àbí?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. Lorna wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Níbo ni Corinne gbà?"

Pruitt dúró gbagidi. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?"

"Kí ló wà lábẹ́ yàrá yìí tó fi gbóná báyìí?"

"Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni, mà." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Páìpù èéfín rẹ̀ ló là. Èéfín náà kò ní òórùn, àmọ́ májèlé ni, ó sì máa ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni pọ́n. Mo sọ fún onílé lẹ́yìn tí ọmọ náà kú. Ó ní òun máa tún un ṣe. Ó ní tí ìyá ọmọ náà bá fi gbọ́, kí n lọ wá iṣẹ́ míì."

Lorna kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó di ọwọ́ Tove mú, ó wọ́ ọ jáde sínú yìnyín, ó sì pe àwọn panápaná. Tove kúnlẹ̀, ó ń bì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé àwọn ọmọ òkè jáde, àwọn kan ń rìn, àwọn kan wà lọ́wọ́ panápaná bí aṣọ tútù. Gbogbo wọn ṣì ń mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo wọn pọ́n.

Pruitt dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sunkún láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Àánú rẹ̀ ṣe Lorna. Síbẹ̀ ó rìn lọ bá a, ó sì na fóònù tirẹ̀ sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, Corinne dúró lórí yìnyín pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹnu Pruitt ló ń wò, bí ọmọ tó ti ń retí ọ̀rọ̀ kan tipẹ́.

"Ẹ pe ìyá rẹ̀," Lorna wí. "Ẹ sọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀ fún un."

Pruitt wo fóònù náà. Kò nawọ́ gbà á.

"Ẹ pè é."