Ẹ̀san Oníṣègùn Ẹṣin Béyerúnkà

Ní ìgbà tí ogun Kírìjì ṣì ń jà, ọkùnrin kan wà ní Béyerúnkà, n'Ìbàdàn, tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀wálé. Ẹṣin ló máa ń wò sàn. Bí ẹṣin bá ń tiro, Ọ̀jẹ̀wálé yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan ara tirẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ kékeré ha pátákò rẹ̀ títí yóò fi kan ibi tí ọyún wà. Bí inú rẹ̀ bá wú, yóò gbé etí lé e ní ìhà, yóò sì mọ̀ bóyá yóò yè. Àwọn ológun kì í lọ sójú ogun láìjẹ́ pé ó ti wo ẹṣin wọn.

Ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó ń wo ẹṣin sàn yìí ń ṣàìsàn, kò sì wá ìwòsàn fún un.

Ṣàngówálé ló fà á. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Ṣàngówálé ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin fún ìjòyè kan. Ó fún ẹṣin ìjòyè náà ní ọkà bàbà tó ti bu, ẹṣin sì kú. Kó má baà jìyà, ó ní oògùn Ọ̀jẹ̀wálé ló pa á. Wọ́n na Ọ̀jẹ̀wálé ní pàṣán láàárín Ọjà'ba lójú gbogbo ayé, wọ́n sì lọ kó ilé rẹ̀. Àṣàbí, ìyá rẹ̀ arúgbó, di òpó ẹnu ọ̀nà mú, ó ń ké pé ọmọ òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n tì í ṣubú. Ní ọjọ́ keje, wọ́n sin ín.

Lórí ibojì náà ni Ọ̀jẹ̀wálé ti búra. "Ìyá mi, bí mi ò bá mú kí Ṣàngówálé sunkún bí mo ṣe ń sunkún yìí, kí ayé má fojú rere wò mí."

Ọdún ń gorí ọdún. Ṣàngówálé di ológun pàtàkì, ó kọ́lé sí ẹ̀bá Mápó, ó sì ní ẹṣin funfun kan tó fẹ́ràn bí ọmọ. Bó bá ti gun ẹṣin náà kọjá, itọ́ ẹnu Ọ̀jẹ̀wálé á korò. Ó ń jẹun, ẹ̀san ló ń rò. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀san ló ń rò. Ó sá oje igi oró gbẹ, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú ìwo kékeré kan.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Ọláyínká, ahunṣọ ní Òjé, tó ti ń bá àwọn onígbàgbọ́ sìn ní Kúdẹtì.

"Ọ̀jẹ̀wálé," ni Ọláyínká wí, "èmi náà ní ẹni tí mo fẹ́ pa rí. Jésù ló gba ìbínú náà lọ́wọ́ mi. Jẹ́ kó gba tìrẹ."

"Ṣé Jésù rẹ á gbé ìyá mi wá fún mi?" ni Ọ̀jẹ̀wálé dá a lóhùn. "Máa lọ hun aṣọ rẹ."

Ní ọjọ́ kan, ikọ́ mú ẹṣin funfun náà. Ṣàngówálé, tó ti gbàgbé ohun tó ṣe, ránṣẹ́ pe Ọ̀jẹ̀wálé. Ọ̀jẹ̀wálé fi ọjọ́ mẹ́ta tọ́jú ẹṣin náà títí ara rẹ̀ fi yá, kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí Sàlámì, ọkùnrin tó ń bọ́ ẹṣin, lọ gé koríko, Ọ̀jẹ̀wálé da oró náà sínú èèrí bàbà tó wà nílẹ̀. Ẹṣin náà gbé ẹnu lé e léjìká bí ọ̀rẹ́. Ọ̀jẹ̀wálé fa èèrí náà sẹ́yìn. Ó rántí ìyá rẹ̀, ó sì fi èèrí náà síwájú ẹṣin.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ẹṣin ti kú. Ọ̀jẹ̀wálé gbọ́, ó jẹun yó, ó sì na ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ibẹ̀ ló wà tí obìnrin arúgbó kan wọlé, tó wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Kúbúrá ni, ìyá Sàlámì.

"Bàbá, ẹ gbà mí! Wọ́n ti de ọmọ mi. Wọ́n ní òun ló fún ẹṣin ní májèlé. Ọmọ mi kò mọwọ́ mẹsẹ̀!"

Ọ̀jẹ̀wálé dìde. Ohùn Àṣàbí gan-an ló ń gbọ́ yẹn.

Nígbà tí òun àti Kúbúrá dé Mápó, èrò ti pé jọ, Ọláyínká náà wà láàárín wọn. Ṣàngówálé jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ó gbá ọrùn òkú ẹṣin náà mọ́ra, ó ń sunkún. Ẹkún tí Ọ̀jẹ̀wálé ti retí fún ọdún mẹ́sàn-án rèé. Kò sì dùn mọ́ ọn rárá.

"Ìwọ lo mọ ẹṣin," ni Ṣàngówálé wí. "La inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ oró ni, Sàlámì kò ní rí oòrùn ọ̀la."

Ọ̀jẹ̀wálé la inú ẹṣin. Inú ti jó dúdú, gbogbo èèyàn sì rí i. Sàlámì wà nínú okùn, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́yìn rẹ̀. Bí Ọ̀jẹ̀wálé bá dákẹ́, àṣírí rẹ̀ bò títí láé.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Ọláyínká wí jẹ́jẹ́, "kí lo rí?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ara mi ni mo rí! Ẹ tú Sàlámì sílẹ̀. Èmi ni mo pa ẹṣin yìí. Ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá mi ni mo ṣe fún ìyá rẹ̀ yìí."

Ṣàngówálé fa idà yọ, àwọn èèyàn ló dì í mú. Wọ́n tú Sàlámì sílẹ̀, wọ́n na Ọ̀jẹ̀wálé bí ẹni máa kú, wọ́n sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é fún ogójì ọjọ́. Ọláyínká ló ń gbé oúnjẹ wá fún un. Níbẹ̀ ló ti sọ fún un nípa Ẹni tí kò ṣẹ̀, tí wọ́n kàn mọ́ igi, tó sì ń bẹ Ọlọ́run fún àwọn tó ń kàn án.

"Ó ní ẹ̀tọ́ láti gbẹ̀san, kò gbà á?" ni Ọ̀jẹ̀wálé bi í.

"Nítorí tìrẹ ni kò fi gbà á."

Ọ̀jẹ̀wálé dojú bolẹ̀ nínú ìdè náà. "Olúwa, ọkàn apànìyàn ni mo ní. Gba ọkàn burúkú yìí, kí o wò ó sàn."

Ní ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, ilé Ṣàngówálé ló kọ́kọ́ lọ. "Mo ti dárí ikú ìyá mi jì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ikú ẹṣin yín jì mí." Ṣàngówálé kọ ẹ̀yìn sí i, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi kú. Síbẹ̀, Ọ̀jẹ̀wálé rìn padà sí Béyerúnkà pẹ̀lú ọkàn fúyẹ́, àwọn tó rí i lọ́nà sì ń bi í pé kí ló ń dùn mọ́ ọn.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, ta ni ò ń dúró dè? Ẹni tó gba ilẹ̀ bàbá rẹ ni, tàbí ẹni tó tàbùkù sí ọ? Òótọ́ ni pé ó ṣe ọ́ níbi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ti ṣẹ Ọlọ́run, Òun kò sì tíì gbẹ̀san lára rẹ. Má ṣe dúró dìgbà tí aláìṣẹ̀ á jìyà nítorí ìbínú rẹ. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí pọ̀, dárúkọ ẹni náà fún Jésù, kí o sì fi í sílẹ̀ fún Un. Lẹ́yìn náà, dárúkọ ara rẹ fún Un pẹ̀lú, kí Ó wo ọkàn rẹ sàn.