Omi Abẹ́ Òkúta Pẹlẹbẹ

Kò sí eruku lára bàtà ọkùnrin tó yọ lójú ilé náà. Ohun tí Rodanthi kọ́kọ́ rí nìyẹn, ó sì yà á lẹ́nu díẹ̀, nítorí ìparí oṣù kẹjọ ni, òjò kò tíì kan ilẹ̀ erékùṣù Kírétè láti oṣù karùn-ún. Ẹni tó bá gba ọ̀nà wá sílé wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á funfun dé orúnkún. Ajá tó máa ń gbó òjìji ara rẹ̀ pàápàá dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, kò gbórí sókè.

Ṣùgbọ́n inú Rodanthi dùn lọ́jọ́ náà ju kó máa ro ọ̀rọ̀ bàtà lọ. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìta, ó fi ife kọfí tẹ igun kan, ó fi odindi wàràkàṣì tẹ ìkejì kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Èèyàn mẹ́fà ń bọ̀ láti Áténì. Ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi mú wọn la òkè kọjá dé etí òkun. Ó ti bá ẹlòmíràn ru ẹrù gun òkè yìí fún ọdún mẹ́ta, àmọ́ èyí ni àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa ṣíwájú. Oúnjẹ ti wà létò, ibi tí wọ́n á sùn ti wà létò. Omi ọjọ́ kejì nìkan ni kò jẹ́ kọ́kàn rẹ̀ balẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún kò sí odò, kò sí ìsun. Kànga omi òjò tí àwọn darandaran gbẹ́ sínú àpáta ni gbogbo ayé ń mu. Bí o bá dé ìdí ọ̀kan tó sì ti gbẹ, ìrìn ọjọ́ kan gbáko ló kù kí o tó rí òmíràn.

"Ẹ káàsán o, bàbá. Ẹ wá jókòó."

Ọkùnrin náà kò jókòó. Arúgbó ni, ó wé aṣọ dúdú àwọn darandaran mọ́rí, etí òsì rẹ̀ sì gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí etí àgùntàn tí wọ́n sàmì sí. Ó na ìka sí máàpù.

"Níbo lẹ máa sùn lọ́jọ́ kejì?"

"Ìdí kànga Kurupi ni."

"Òrùlé rẹ̀ ti wó sínú. Ewúrẹ́ ti kú síbẹ̀."

Rodanthi rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má dẹ́rù bà mí o. Ṣé gbogbo ewúrẹ́ tó bá kú lókè yìí, ẹ̀yin ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí ni?"

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi tẹni tí ọmọ ń sùn nítòsí rẹ̀. "Ẹ kọjá síwájú. Igi sípírẹ́sì kan wà tí àrá là sí méjì. Òkúta pẹlẹbẹ wà nídìí rẹ̀. Ẹ gbé e, omi wà lábẹ́ rẹ̀."

"Ta ló ni ín? Mi ò gbọ́ nípa kànga yẹn rí."

"Ẹ ṣáà mu ún. Gbogbo yín. Kí ẹ sì wí ohun tí wọ́n ń wí."

Rodanthi tẹrí ba láti fi pẹ́ńsùlù sàmì síbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ajá nìkan ló wà níwájú rẹ̀, ó ń gbọn ara bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú omi.

Rodanthi kì í ṣe ẹni tó máa fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ sórí ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ. Ní ìdájí ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó wọ ọkọ̀ dé ibi tí títì parí sí, ó sì fẹsẹ̀ gun ìyókù lóun nìkan. Kurupi rí gan-an bí bàbá ṣe wí. Òórùn ibẹ̀ ti pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ó tẹ̀ síwájú. Igi sípírẹ́sì nìyẹn, ó là sí méjì lóòótọ́. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ hú òkúta náà sókè. Omi kún dé ọrùn kànga, ó dúdú. Ó bù ú mu, ó tutù débi pé eyín dun ún.

Lórí òkè wọn, kò sẹ́ni tó ń mu omi kànga kó má súre. Bí ẹni tó gbẹ́ ẹ bá wà láàyè, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣàdúrà fún. Bó bá ti kú, wọ́n á ní kí Ọlọ́run forí jì í. Rodanthi gbà pé bàbá ló gbẹ́ ẹ, ó sì ti rí i lójú-kojú lọ́sàn-án gangan, nítorí náà ó wí pé, "Kí ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ máa le sí i."

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ nínú kànga, bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Rodanthi dá òkúta padà. Kò wẹ̀yìn títí tó fi dé ìsàlẹ̀ òkè.

Ìyá àgbà rẹ̀, Màmá Garoufalia, ń bó ẹ̀wà lójú ilé. Rodanthi rò ó fún un. Nígbà tó dé ibi etí, ọwọ́ màmá dúró.

"Etí òsì?"

"Òun ni."

"Andronikos." Màmá gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ọdún ọ̀dá, èmi ṣì wà lọ́mọge, àgùntàn gbogbo wa ń kú. Bàbá mi lọ bẹ̀ ẹ́ lómi. Ó ní òun náà ò ní. Síbẹ̀ ẹran tiẹ̀ ń sanra! Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kú, kò sì sọ ibi tómi wà fẹ́nì kan. A wá a tì."

"Màmá, ọwọ́ rẹ̀ ni mo súre fún."

Màmá tẹjú mọ́ ọn, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ yìí! Ọwọ́ ahun lo ní kó le sí i? Ọgọ́ta ọdún rèé tó ń wá ẹni tó máa mu omi rẹ̀ kó bá a tọrọ ìdáríjì, o wá dé ibẹ̀ o súre fún un bí alààyè! Lọ tún un wí, jàre."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ìrìn wọn, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé ìdí igi náà, ike omi wọn ti ṣófo, ètè wọn ti bó. Rodanthi gbé òkúta. Ó ń bu omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa wí.

"Bí mi ò bá wí i, ṣé omi á jáde padà ni?" ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Dán an wò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì wí i. Rodanthi ló ṣe ìkẹyìn. "Andronikos, kí Ọlọ́run forí jì ọ́."

Melpo, tó dàgbà jù nínú wọn, rọra fọwọ́ kan apá rẹ̀. "Bàbá tó dúró lẹ́yìn rẹ ńkọ́?" Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé òun ò ní mu ni? Ó ti pẹ́ tó ti na ọwọ́."

Rodanthi kò yíjú. Ó bu omi kún ife, ó sì nà án sẹ́yìn láti èjìká. Díẹ̀díẹ̀ ni ife náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan. Gbogbo wọn ń gbọ́ bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń gbé omi mì, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.

Nígbà tí ife padà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti gbẹ táútáú, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.