Àtẹ̀gùn Tí Òòlù Kò Kàn

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà tí ìyàwó ilé náà figbe ta ní pálọ̀. Ilé ọ̀hún kì í ṣe ilé yẹpẹrẹ o! Ògiri dígí láti ilẹ̀ dé òkè, ilẹ̀ funfun tó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, odò ìwẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Àwọn aládùúgbò tó lówó bíi tiwọn pàápàá máa ń dẹ mọ́tò tí wọ́n bá dé iwájú ẹ̀, kí wọ́n lè wò ó dáadáa.

Ayàwòrán-ilé ni ìyàwó, ayàwòrán-ilé ni ọkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó ló wà lórí ilé yìí. Òun náà ló fi pákó àti dígí ṣe ẹ̀dà ilé náà ní kékeré, tí kò ju orí tábìlì lọ. Ó fi oṣù méje ṣe é, àwọn adájọ́ ìdíje ńlá kan sì ń bọ̀ wá wò ó ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà gan-an. Ẹnì kan ti fi òòlù fọ́ ọ wómúwómú.

Òòlù gádínà wọn, bàbá àgbàlagbà kan, ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Kí ọlọ́pàá tó dé, ọkọ ti di bàbá náà lápá mú, ó ní kò gbọdọ̀ sá.

Bẹ̀rẹ̀wò ni wọ́n ń pe Ìnsípẹ́kítọ̀ tó wá, torí kò sí nǹkan tí kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀. Kọ́ńsítébù ẹ̀ ti kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí gádínà lọ́wọ́, òun ṣì wà lórí eékún nídìí tábìlì.

"Ta ló rí bàbá yìí tó wọlé?"

"Ṣé ó dìgbà tẹ́nì kan bá rí i?" ni ọkọ fi dáhùn. "Òòlù ẹ̀ rèé! Lánàá ni ìyàwó mi ní kó hú òdòdó ẹ̀ kúrò níwájú ilé. Inú ló ń bí i. Ẹ máa gbé e lọ o jàre."

Gádínà kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, inú bí mi lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò kọjá ilé ìdáná rí. Ìyàwó mi wà lórí àìsàn nínú yàrá tí wọ́n fún wa lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá tì mí mọ́lé, wọ́n á lé e síta lónìí. Ta ló máa fún un lómi mu?"

Bẹ̀rẹ̀wò yíjú sí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Òrùlé ilé kékeré náà ló ń wò. Ó wà lódindi lórí àga, wọ́n rọra gbé e síbẹ̀ ni. "Màdáámù, báwo ni èyí ṣe ń ṣí?"

"Ìkọ́ kan wà lábẹ́ etí ẹ̀, ẹ ò lè fojú rí i. Èmi àti Dádì wa," ó tọ́ka sí ọkọ ẹ̀, "la mọ̀ ọ́n, àti Màámi. Lánàá ni mo fi hàn wọ́n."

Màámi, ìyá ọkọ, fi ife tíì sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbé e, síbẹ̀ tíì ti dà sí wọn lára.

"Ẹ má wò mí báyẹn o! Òótọ́ ni pé ara ń ta mí. Gbogbo ìwé ìròyìn, fọ́tò ìyàwó! Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé yìí, àlejò kan na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí ọmọ mi pé kó bá òun páàkì ẹ̀. Ọmọ mi! Àtẹ̀gùn tó ń yí po lọ sókè láìní òpó yẹn, tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò, ta ló kọ́kọ́ yà á sórí ìwé? Òun ni!"

"Màámi, ó tó!" Ojú ọkọ ti yí padà.

"Kò tíì tó," ni Bẹ̀rẹ̀wò wí. Ó dìde, ó gbọn eékún. "Ẹni tí inú ń bí tìtorí òdòdó, òkè òrùlé ló máa la òòlù mọ́. Ẹni tó mọ ìkọ́ ló ṣe èyí. Yàrá fọ́, ilé ìdáná fọ́, àga tí kò tó ìka ọmọdé fọ́. Àtẹ̀gùn nìkan ló dúró láàárín, kò sí ibi kankan tó họ lára ẹ̀. Ó gba ọwọ́ tó dúró ṣinṣin, Màámi ò sì lè gbé ife. Ọ̀gá, ẹ̀ ń jowú ìyàwó yín. Ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kọ̀, kò lè ba tiyín jẹ́. Ẹ wá mú òòlù bàbá yìí, torí ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́."

Ẹ̀rín kan bọ́ lẹ́nu ọkọ, ẹ̀rín burúkú. "'Ọkọ ayàwòrán-ilé' ni wọ́n ń pè mí, lójoojúmọ́! Nínú ilé tí mò ń sùn! Kóun náà mọ̀ ọ́n lára lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe ń rí kí iṣẹ́ èèyàn di asán!"

Bẹ̀rẹ̀wò yọ àtẹ̀gùn kékeré náà kúrò láàárín àwókù. Ìwà ẹ̀ ni, ó yí i dojú dé, ó wo abẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nà án sí ọkọ.

Ìwé pélébé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ ìyàwó ló kọ ọ́: *Iṣẹ́ ọkọ mi ni àtẹ̀gùn yìí. Òun ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó mọ ilé tí mo máa yà.*

"Iwájú àwọn adájọ́ ni mo fẹ́ ti yí i dojú dé," ni ìyàwó wí. Omi ti kún ojú ẹ̀. "Mo fẹ́ kó jẹ́ ìdùnnú òjijì fún yín ni."

Kọ́ńsítébù ṣí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ gádínà. Bàbá náà ò dúró gbọ́ èyí tó kù, ó gba ilé ìdáná jáde, ó bu omi dání lọ bá ìyàwó ẹ̀.

Ọkọ fẹ́ gbé àtẹ̀gùn náà sílẹ̀ kó lè na ọwọ́ sí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọlọ́pàá.

"Rárá, Dádì wa," ni ìyàwó ẹ̀ wí. "Ẹ gbé e dání. Òun nìkan ló kù fún yín nínú ilé yìí."