Abọ́ Òfìfo Lórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Verlene

"Ẹ ti gbọ́ nǹkan tí wọ́n ní Màmá Verlene…"

"Má sọ fún mi pé…"

"Òun àti ọkùnrin onítáì yẹn! Wọ́n ní ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó tún wá ní òun á bá wa…"

"Hẹn-ẹ́n! Mo ti mọ̀. Mo ṣáà ti mọ̀ pé lọ́jọ́ kan…"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan bọ́ sí èkejì ní àdúgbò Sawyer Hill, ní apá gúúsù Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ Àìkú kan tí oòrùn ń ta ni bí ata. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá sọ ìdajì á mi orí, ẹni tó bá gbọ́ á fi ìdajì tirẹ̀ kún un. Kí ìsìn ìrọ̀lẹ́ tó parí, gbogbo ẹnu ti pé sí ibì kan: Màmá Verlene ti ta ọgbà.

Tirzah, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìyá ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde ṣe ń padà bọ̀ wá bá a. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a mọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó fi ẹsẹ̀ jáde nílé ti gun ẹṣin dé.

Ilé mẹ́ta ló wà lórí ilẹ̀ ọgbà yẹn nígbà kan. Wọ́n jóná, ìjọba ìlú wó àwókù wọn, wọ́n sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún igbó àti táyà àlòkù. Màmá Verlene, tó ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé títí tó fi fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́ wọ ibẹ̀. Òun nìkan ló ṣán an. Àwọn ènìyàn ń wò ó láti ojú fèrèsé. Nígbà tó yá, Díkónì Hosea tó ń gbé ní òdìkejì títì, tí òun àti Màmá Verlene kì í kí ara wọn látàrí ìjà ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò sẹ́ni tó rántí ìdí rẹ̀ mọ́, fa rọ́bà omi láti ilé rẹ̀ kọjá títì. Ó kàn ṣí omi.

Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbin ilá, wọ́n gbin ẹ̀wà, tòmátì àti ànàmọ́. Àwọn tó ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn látọjọ́ yìí wá ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó tọ́ kó bomi rin ẹ̀wà.

"Hosea! Omi lò ń bù sí i yẹn, àbí o fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún tòmátì?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ wọn pọ̀, Verlene. Ìwọ ni wọ́n jọ."

Gbogbo ọgbà á bú sẹ́rìn-ín.

Àṣà kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn ìyá wọn, àwọn tó já òwú lóko olóko, ti fi lélẹ̀. Bí nǹkan bá kọ́kọ́ so lọ́dún, Màmá Verlene ni yóò ká a. Yóò bu ú sínú àwọn abọ́ funfun rẹ̀, yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbà á kò gbọdọ̀ dá abọ́ náà padà lófìfo. Ẹlòmíì á fi búrẹ́dì àgbàdo gbígbóná sí i, ẹlòmíì á fi ẹyin sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo á já òdòdó kan sínú rẹ̀. Ní Sawyer Hill, wọ́n lè bú ọ kí wọ́n sì tún bá ọ jẹun lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá abọ́ rẹ padà lófìfo, wọ́n ti bá ọ parí nìyẹn.

Nígbà tí ọgbà wá sọ àdúgbò náà di arẹwà, ó wọ àwọn kọ́lékọ́lé olówó, àwọn tó ń ra ilẹ̀ kọ́lé tà, lójú. Ìgbìmọ̀ ìlú tó ni ilẹ̀ ní àwọn yóò jókòó lọ́jọ́bọ̀ láti pinnu bóyá kí àwọn tà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó wá dìde dúró níwájú àwọn kó sọ ọ́. Bí èrò bá pọ̀, ọgbà á dúró. Bí èrò kò bá wá, ó di ti kọ́lékọ́lé.

"Ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́," ni Màmá Verlene ń sọ láti ilé dé ilé. "Ẹ ò tilẹ̀ ní láti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ ṣáà wá dúró."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, Tirzah ń tu koríko láàárín ilá tó ti ga jù ú lọ, nígbà tí ọkùnrin onítáì kan, ọ̀kan nínú àwọn kọ́lékọ́lé náà, wá dúró létí ọgbà, tó sì pe Màmá Verlene. Tirzah gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ó gbọ́ èsì tí Màmá Verlene fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ohun tó sá mọ́ ọn létí.

Nígbà tó ń relé, ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Quianna àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí kì í rí i. Bí wọ́n bá sì rí i, yẹ̀yẹ́ ni.

"Ìyá àgbẹ̀! Ilá ò tíì hù sí ẹ létí?"

"Ẹ wo èékánná ẹ̀! Èèyàn lè gbin ẹ̀wà síbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ti Tirzah débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọlé. Ọ̀rọ̀ sì jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mo mọ nǹkan tí ẹ ò mọ̀."

"Kí lo fẹ́ mọ̀?"

"Màmá Verlene àti ọkùnrin kọ́lékọ́lé yẹn. Màmá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, mo gbọ́. Màá bá àwọn ènìyàn mi sọ̀rọ̀.'"

Ẹ̀rín dá. Quianna sún ìdí sápá kan, àyè sì ṣí lórí àtẹ̀gùn. "Irọ́! Wá jókòó, jàre. Kí ni wọ́n tún sọ?"

Ibí yìí ni Tirzah ì bá ti sọ ọ́ tán. Ó mọ ìyókù. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ìtàn náà á di ìtàn lásán, wọ́n á sì tún yí ẹ̀yìn sí i. Ó wo àyè tí wọ́n ṣí fún un. Ó jókòó.

"Ibi tí mo gbọ́ dé nìyẹn."

Bí o bá bi mí pé kí ló dé tí àwọn àgbà fi gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́ wéré bẹ́ẹ̀, màá ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ la títì márosẹ̀ gba àárín Sawyer Hill kọjá láyé àtijọ́, pásítọ̀ kan ló ń wàásù pé kí ẹnikẹ́ni má ta ilé rẹ̀. Òun gan-an ti ta tirẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹnì kan nínú wọn bọ olówó lọ́wọ́, wọn kì í béèrè mọ́. Wọ́n á pa ẹnu mọ́, wọ́n á sì kẹ̀yìn sí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Eula Mae, ìyá ìyá Tirzah, fọ abọ́ tí Màmá Verlene fi bu ilá àkọ́so wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó nù ún gbẹ. Ó nà án sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Gbé e padà fún un."

"Màmá, kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Ṣé ojú ń dùn mí ni? Mo ní kí o gbé e lọ."

Nígbà tí Tirzah débẹ̀, àwọn abọ́ mìíràn ti tò sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Verlene, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, gbogbo wọn lófìfo. Obìnrin náà jókòó láàárín wọn bí ẹni tó jókòó ti òkú. Ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo inú wọn. Ní òdìkejì títì, Díkónì Hosea ń ká rọ́bà omi rẹ̀ wọlé.

"Ti ta nìyẹn?" ni Màmá Verlene béèrè.

"Ti màmá àgbà ni."

"Eula Mae náà?" Ó gba abọ́ ọ̀hún, ó gbé e lé itan. "Tirzah, ìwọ lo wà láàárín ilá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo rí fìlà rẹ."

Tirzah wolẹ̀.

"Ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ bá mi sọ?"

"Rárá o, Mà."

"Ó dáa. Mi ò ní fa ọmọ ọlọ́mọ káàkiri kó lọ jẹ́rìí mi. Mi ò sì ní lọ máa kanlẹ̀kùn fún àwọn tó mọ̀ mí látìgbà tí mo ti ń rákò, kí n máa sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni olè. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ kò jìnnà sí ọ, ọmọ mi. Ọjọ́bọ̀ ló kù."

Tirzah sáré kúrò níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé lọ́la ni òun á sọ ọ́. Bó bá ti rí ojú ìyá àgbà rẹ̀ tó le bí òkúta, tó bá sì ti rántí Quianna, ọ̀rọ̀ á wọ ọ̀fun rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́bọ̀, ó tẹ̀lé Màmá Verlene lókèèrè dé gbọ̀ngán ìlú. Màmá Verlene wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì àti fìlà rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò. Ó jókòó síwájú. Gbogbo àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣófo. Tirzah dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Màmá," ni alága ìgbìmọ̀ sọ, ohùn rẹ̀ kò le, "àwọn ènìyàn yín dà?"

Màmá Verlene yíjú wẹ̀yìn. "Wọ́n ń bọ̀."

Wọ́n dúró díẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Kò sẹ́ni tó wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fún wọn láyè díẹ̀ sí i. Oòrùn ń mú, àgbàlagbà pọ̀ nínú wọn."

"Màmá, ẹ̀yin nìkan ni mo ń rí."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé, Tirzah kò jẹ́ kó wọlé. Àwọn ìgbìmọ̀ nawọ́ sókè, wọ́n sì ta ilẹ̀ náà.

Ọmọ Màmá Verlene wá láti Chicago, ó kó ìyá rẹ̀ lọ. Obìnrin náà kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí katapílà fi dé. Àdúgbò dúró sí etí títì, wọ́n ń wo bó ṣe ń fa ilá tu pẹ̀lú erùpẹ̀ àti gbòǹgbò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì rẹ̀ ṣàwàdà.

"Verlene ti gba tirẹ̀ lọ," ni Díkónì Hosea sọ. "Ó ń gbádùn ní Chicago."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!"

Gbogbo ojú yí sí Tirzah. Ó sọ fún wọn pé òun gbọ́ gbogbo rẹ̀, pé ìdajì ni òun sọ, nítorí àyè ìjókòó lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù. Katapílà ń ké, ó sì ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ìtìjú rẹ̀.

Eula Mae di òpó ọgbà mú. "Ìdajì òótọ́ tí o sọ, odidi irọ́ ni, Tirzah. Ó sì ti ṣiṣẹ́ irọ́. Kò sí ẹkún tí o lè sun tó máa gbin ilá yẹn padà." Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Àwa àgbà ńkọ́? A ò la ẹnu béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Abọ́ la fi dájọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ ó bá sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ẹ sọ ọ́ tán, kí ẹ sì sọ ọ́ lákòókò. Òótọ́ tó bá pẹ́ jù lọ́nà, òkú ló máa bá nílé.

Díkónì Hosea bọ́ fìlà rẹ̀. "Sọ ọ́ fún wa bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Má yọ nínú ẹ̀, má fi kún un."

Tirzah nu ojú rẹ̀, ó sì sọ ọ́.

"Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, mo gbọ́. Màá bá àwọn ènìyàn mi sọ̀rọ̀. Màá sọ fún wọn pé o ní o máa fún mi ní ilé tuntun bí mo bá lè pa wọ́n mọ́lé lọ́jọ́bọ̀, mo sì ní mi ò gbà. Bí wọ́n bá gbọ́ ìyẹn, kódà arọ inú wọn á wá. Mú ọwọ́ wá kí n bọ̀ ọ́, nítorí bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn, kí o sì máa lọ. O ò mọ̀ wọ́n. Èmi mọ̀ wọ́n. Wọn ò ní jẹ́ kó ku èmi nìkan.'"