Àpá Ojú Àbúrò Agogo

Inú ilé ìjọsìn náà ṣú díẹ̀. Láti ẹ̀yìn pátápátá ni Tadala ti na fóònù rẹ̀ sókè. Ó fi ìka méjì fa àwòrán náà sún mọ́ra, ojú àwọn ìyá àgbà méjèèjì tó wà níwájú pẹpẹ sì di rúdurùdu. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni.

Kámẹ́rà bàbá rẹ̀ wà nílé. Ibà ló dá bàbá náà dùbúlẹ̀, onífọ́tò tí gbogbo àdúgbò wọn nílùú Zomba mọ̀. Láàárọ̀ ló ti kìlọ̀ fún un pé kó mú kámẹ́rà pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ra lọ ya fọ́tò dípò òun, torí wọn kì í jẹ́ kí onífọ́tò sún mọ́ pẹpẹ. Tadala ní òun ti gbọ́. Àmọ́ Wezi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Bíríkì bàbá ẹ yìí lo fẹ́ gbé kọ́rùn?" ni Wezi wí. "Àwọn ọmọ kíláàsì wa máa wà níbẹ̀ o."

Ojú ti Tadala. Ó rọra dá kámẹ́rà náà padà sórí tábìlì.

Agogo Nambewe, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà lọ́dọ̀ wọn, àti àbúrò rẹ̀ ni àwọn ìyá méjèèjì náà. Ogójì ọdún ni wọn kò ti fojú kan ara wọn, torí Mozambique ni àbúrò náà wà. Ìdúpẹ́ ìpàdé wọn ni wọ́n wá ṣe. Kí oòrùn tó kanrí, ọkọ̀ ti gbé àbúrò náà padà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Tadala mú èyí tó sàn díẹ̀ nínú àwọn fọ́tò náà lọ bá Agogo. Ìyá àgbà náà gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Fóònù náà ti nu gbogbo ìhunjọ ojú wọn dànù, ojú wọn wá ń dán bíi ti ọmọlangidi.

"Àbúrò mi ní àpá kan lẹ́rẹ̀kẹ́," ni Agogo wí. "Èmi ni mo dá a sí i lára nígbà tá a wà lọ́mọdé. Àpá náà dà, ọmọ mi?"

Agogo rọra dá fọ́tò náà padà sí Tadala lọ́wọ́. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dun Tadala jù.

Nígbà tó jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀, bàbá náà gba fọ́tò náà wò.

"Fóònù ò ṣẹ̀ ẹ́," ló sọ. "Ká ní inú oòrùn ni, tó o sì sún mọ́ wọn, ì bá dáa. Ìwọ lo mọ ohun tíṣẹ́ náà ń fẹ́, tó o wá lọ mú ohun tí Wezi ń fẹ́."

Tadala ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà náà dáadáa báyìí. Wezi ṣì ń fi í ṣẹ̀sín, àmọ́ Tadala kò kà á sí mọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò Agogo kò tíì padà wá, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò tún wá. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó bá iṣẹ́ mu ni kí ẹ máa mú lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá torí ojú ẹgbẹ́ yan irinṣẹ́, ẹlòmíràn ló máa ń jẹ ìyà rẹ̀.